Èmi ni mo yọ òpó erékùṣù wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ǹ bá má sọ ọ́, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gba yàrá lọ́dọ̀ mi ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ń kọ ìtàn erékùṣù tí wọ́n bí mi sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n yín ló ta òpó ìlú?"

Irọ́ ni. Èmi ni mo yọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Òpó kan wà létí omi, níbi tí àwọn baba ńlá wa so ọkọ̀ wọn mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Ẹnikẹ́ni kì í da yanrìn síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fi yanrìn dí omi kí ọ̀nà lè so wá mọ́ òdìkejì, ibẹ̀ nìkan ni omi kò ti jìn. Àwọn àgbà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa kó katakata wọn lọ.

Inú bí mi gidi gan-an. Inú ọkọ̀ ojú omi ni àbúrò mi obìnrin kú sí, tòun toyún, nígbà tí à ń gbé e lọ sọ́sibítù. Ṣé nítorí igi ni ká ṣe máa kú?

Nígbà ọyẹ́, gbogbo ọkùnrin wa, àtàgbà àtọmọdé, máa ń lọ sí ibùdó ìpẹja. Wọ́n lọ tán, mo fa òpó náà tu, mo sì lọ rì í síbòmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé àwọn àgbà ti gbà nìyẹn. Kí àwọn apẹja tó dé, yanrìn ti bo ibẹ̀.

Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ti gba rìbá. Ó bi mí pé, "Ṣó ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀?" Mo ní n kò rí ẹnì kankan.

Láti ìgbà náà, kò bá àwọn àgbà jókòó mọ́. Ara rẹ̀ kò yá báyìí, wọ́n sì ní bó bá kú, àwọn kò ní jẹ́ kí wọ́n sin ín sílé.

Ẹja ti dínkù lóòótọ́. Àmọ́ n kò kábàámọ̀ ọ̀nà yẹn rárá! Àwọn tó ń bú u náà ló ń gun ọ̀kadà kọjá lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá tún òpó rì, màá tún un yọ.

N kò bẹ ìlú. Mò ń lọ sílé lọ́la láti lọ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, kí wọ́n lé mi bó bá wù wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni n kò mọ bí n ó ṣe wò lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣẹ ọmọ ìyá yín rí, kí lẹ kọ́kọ́ sọ?