Yàrá Tí Ẹ Fi Orúkọ Ìyàwó Mi Tì Pa

Rárá o, ọ̀gá, mi ò jókòó, ẹ jẹ́ n wà lórí ìdúró, bí mo bá jókòó ẹ ó tún máa bá mi kẹ́dùn, ẹ ó ní kò sí tíṣà bí ìyàwó mi nílé-ìwé yìí, èmi náà á máa dúpẹ́, màá dúpẹ́ títí màá fi délé, ilẹ̀kùn yẹn á ṣì wà ní títì pa!

Ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà. Ó dáa. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Ó dáa náà. Ẹ wá ti yàrá pa, ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má ba ohun tí olóògbé tọ́jú jẹ́. Háà! Obìnrin tó máa ń ní kí àwọn ọmọ tú kọ̀ǹpútà palẹ̀, kí wọ́n tún un tò!

Ṣebí ẹ mọ bó ṣe ń kọ́ wọn. Kò sọ́mọ tó gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan kan láìkọ́kọ́ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. "Kí lo rò?" Tí ọmọ bá mọ̀ ọ́n, ó dáa. Tó bá ṣì í, inú ìyàwó mi á tún wá dùn jù, á ní, "Ó yá, iṣẹ́ dé!" Nílé náà nìyẹn o. Mo fẹ́ bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, á ní, "Kí lo rò?" Ó máa ń sú mi. Ọlọ́run gbọ́, ó máa ń sú mi. Ta ni yóò bi mí báyìí?

Tíṣà tuntun yẹn, mi ò bá a jà, ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣe? Ó ya kọ̀ǹpútà sójú pátákó, wọ́n ń dà á kọ. Ọmọ mi obìnrin gé páálí, ó ya bọ́tìnnì sí i lára, òun ló ń tẹ̀ nílé. Páálí, ọ̀gá! Ọmọ tó ní òun fẹ́ máa ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú aláìsàn, torí àìsàn ìyá òun ò tètè hàn. Ó ní, "Bàbá, ẹ tẹ ibí." Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kí lẹ rò?"

Mo tún páálí yẹn tẹ̀.

Mi ò lè kọ́ ọ. Níbi tí mo kàwé dé, a ò fojú kan kọ̀ǹpútà. Ìyá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ sì ti lọ.

Ẹ ṣí i, mo bẹ̀ yín. Kí wọ́n bà á jẹ́! Kí wọ́n tẹ èyí tí kò yẹ kí wọ́n tẹ̀! Kí lẹ wí? Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ yín? Ta ló wà lọ́wọ́ ẹ̀?

Èmi?

Kọ́kọ́rọ́ wo, ọ̀gá? Èyí tí ẹ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ gbé fọ́tò kọ́, tó wà nínú férémù onígíláàsì? Ohun ọ̀ṣọ́ kọ́ nìyẹn? Kọ́kọ́rọ́ yàrá gan-an ni? Ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ ní? Ojú wá ń tì yín láti gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀!

Ó wà lára ògiri pálọ̀ mi. Àràárọ̀ ni mò ń nù ún. Ọmọ yẹn bi mí, "Bàbá, kí ló ń ṣí?" Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, nǹkan ìyá rẹ̀ ni.

Hẹẹ! Ẹ má bínú, ọ̀gá, ẹ̀rín ló ń pa mí. Mo ti ń bú yín bọ̀ láti ilé o! Hẹẹ!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún àga yẹn mọ́ mi. Màá jókòó.