Ojú Irin Bàbá Tí Mo Kán

Ìgbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀yin àbúrò mi, tí wọn ò tíì bí yín sí àdúgbò Ladi-Lak yìí... ẹ gbọ́, ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́. Wọ́n ti gbé Bàbá àgbà kúrò ní ọsibítù. Wọ́n ti wà lọ́nà.

Rélùwéè kékeré orí pákó ní yàrá Bàbá àgbà yẹn, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é? Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n wá ní àwọn máa ṣe ti inú ilé. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn atẹ̀wé Shomolu fi ń fa ìlà, nígbà tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ to lẹ́tà, òun ni Bàbá tẹ̀, tí wọ́n fi ṣe ojú irin. Bàbá Ṣeun atẹ̀wé ló ń kó o fún wọn. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn Bàbá Ṣeun, kí wọ́n tó kú: "Akin, gbé e fún bàbá àgbà ẹ. Sọ fún wọn kí wọ́n má fi ṣòfò o. Kọ̀ǹpútà ń bọ̀ wá lé wa jáde."

Ó sì lé wọn. Ta ló ń to lẹ́tà lónìí?

Bàbá ò ríran mọ́. Etí ni wọ́n fi ń wo rélùwéè yẹn. Àmọ́ táyà irin ọkọ̀ orí ẹ̀ ti jẹ tán, kò rìn mọ́. Kí wọ́n tó lọ ọsibítù, wọ́n ní, "Akin, ra táyà tuntun. Wọn àlàfo irin méjèèjì, inú sí inú o! Etí tó yọ lára táyà, inú ló ń rìn. Tí mo bá dé, kí n gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n tó kú."

Èmi wá ńkọ́? Mò ń kánjú. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ìta dé ìta. Táyà dé, ó fẹ̀ jù, ó ń gun orí irin, ó ń ṣubú. Ẹni tó tà á ní, "Bọ̀ọ̀dá, iye tẹ́ ẹ wọ̀n la tà fún yín."

Ṣé kò yẹ kí n sọ fún Bàbá? Ẹ̀rù bà mí. Mo mú pílásì, mo ní kí n fa irin kan síta díẹ̀, kí táyà lè wọlé. Kọ́! Ó kán. Mo fa ibòmíì, ó tún kán. Irin tó ti gbó...

Láyé ìgbà yẹn, ilẹ̀ lèèyàn ti ń he irin yìí ní Shomolu. Ní báyìí, mo wá a títí, mo dé Palmgrove. Àwọn atẹ̀wé ibẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Irin kẹ̀? Ẹ fi fáìlì yín ránṣẹ́ lórí Wasáàpù jàre." Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán. Ọwọ́ Bàbá ló máa fọ̀rọ̀ yìí hàn, tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan pákó yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré, tẹ́ ẹ bá ti ṣì í wọ̀n, ẹ sọ ọ́. Ẹ má tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́... géètì nìyẹn. Ohùn Bàbá nìyẹn: "Akin! Ṣé o ti fi táyà sí i?" Wọ́n ní kí gbogbo ilé dákẹ́, káwọn lè gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi... kí ni wọ́n máa gbọ́?