Fèyí Ti Rọlẹ̀, Ó Ku Rúùtù

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ lẹ́yìn tí mo ti bí méjì. Ògo ni fún un! Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ta ni kò mọ Fèyí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí? Ọmọ ọdún mẹ́rin tó máa ń ké títí pásítọ̀ á fi dá ìwàásù dúró. Nílé, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ní kó gbé abọ́ rẹ̀, á dà á nù. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá kí n rán an, Fèyí á gé oníbàárà náà jẹ lápá. Mo pariwo títí ohùn mi fi ha. Mo nà án, ó tún le sí i. Mo gbààwẹ̀, mo sunkún níbi pẹpẹ yìí pé kí Ọlọ́run yí ọmọ mi padà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Rúùtù, ló ń jìyà jù. Gbogbo ohun tí Fèyí bá ti ń ké nítorí rẹ̀, èmi á ní, "Rúùtù, ìwọ lẹ̀gbọ́n, fún un, kó lè dákẹ́." Ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀, á fún un. Lọ́jọ́ kan, Fèyí ju àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ, ó ba Rúùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Díẹ̀ ló kù kí ojú fọ́! Ẹ̀rù bà wá. Èmi àti bàbá wọn bá ní kí Rúùtù lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Bétérou. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí moto alùpùpù, ó bi mí pé, "Màmá, kí ni mo ṣe?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni tata, ìyẹn àǹtí tó ń kọ́ Fèyí níléèwé, sọ fún mi pé wọ́n ń ṣe fọ́màsíọ̀n, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, fún àwọn òbí ní Tchatchou, lórí ọmọ tí apá ò ká. Inú bí mi. Ṣé mi ò mọ ọmọ tọ́ ni? Ọkọ mi ní, "Ìyá Rúùtù, ṣebí o ti gbàdúrà? Lọ wò ó ná."

Mo lọ. Obìnrin tó ń kọ́ wa bi mí pé, "Ìyá Rúùtù, irú eré wo lẹ máa ń bá Fèyí ṣe?" Mo ní, "Eré kẹ̀?" Ó ní, "Ẹ máa jókòó tì í díẹ̀ lójoojúmọ́. Kó yan eré tó wù ú. Ẹ má pàṣẹ, ẹ má bá a wí. Èyí tó bá ṣe dáadáa, ẹ sọ ọ́ kó gbọ́. Bó bá ń yí nílẹ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ mójú kúrò. Bó bá ti dákẹ́, ẹ tètè yíjú sí i."

Mo délé, mo jókòó sílẹ̀ láàárín àkísà aṣọ. Fèyí kó àkísà sínú abọ́, ó ní òun ń se ọbẹ̀. Mo ní, "Fèyí ń rora ro ọbẹ̀, kò dà á sílẹ̀." Ọmọ náà dúró, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ló bá bù ú fún mi: "Màmá, ẹ jẹun." Ẹ̀yin ará, mo sunkún!

Kò rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ o. Ó kọ́kọ́ le sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ lónìí. Ẹ wo ọmọ mi!

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, mo lọ mú Rúùtù wálé. Fèyí sáré pàdé rẹ̀. Rúùtù yára fọwọ́ bo ojú. Ohun tí àbúrò rẹ̀ kò tíì bèèrè pàápàá, ó ti ń nà án sí i. Nígbà tí ìsinmi parí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ mọ́. Ó ní, "Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ màmá." Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ó gun moto, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó gbani lálejò: "Ẹ ṣé o, tata."

Èmi tí mo bí i.

Ọlọ́run gbọ́ àdúrà mi, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ìyá tí ọmọ bá ti sú láàárín yín, kó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, n ó júwe ibẹ̀ fún un, kó tó di pé ó rán ọmọ kankan kúrò nílé. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀ nítorí Fèyí. Bí ẹ bá sì ń yọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dárúkọ Rúùtù fún Olúwa.