Wákàtí Kan Péré ni Stockholm

Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀, yìnyín ń bọ́ wẹ́wẹ́ lé gbogbo wa lórí nínú itẹ́ òkú yìí, Raili, o wá ń bi mí pé kí ló dé tí mo pẹ́! Èmi ni mo pẹ́? Èmi? Wo aago ọwọ́ mi, ṣé kì í ṣe méjìlá ló wà níbẹ̀, méjìlá tó o ní a máa gbé Màámi jáde?

Ọkọ̀ ojú omi ni mo máa ń wọ̀ wálé láti ọjọ́ tí mo ti ń ru kọnkéré ní Stockholm. Ìwọ lo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ ojú omi ti falẹ̀ jù, ẹ wọ bàálù aago mẹ́wàá, wákàtí kan péré ni, ní mọ́kànlá ẹ ó ti balẹ̀ sí Helsinki. Ṣé irọ́ ni mo pa mọ́ ọ? Mọ́kànlá ta ni, Raili? Mọ́kànlá tọ̀hún ni méjìlá tiwa níhìn-ín! Nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á pariwo pé kí a sún aago wa síwájú, ọ̀mùtí pàápàá á gbọ́. Obìnrin inú bàálù náà pe méjìlá nígbà tá a balẹ̀, mo rẹ́rìn-ín nínú, mo ní ọmọ yìí ò mọ aago kà, ṣebí àbúrò mi ti bá mi ṣírò ẹ̀.

Má tún sọ wákàtí kan fún mi! Ọdún gbọọrọ lẹ ti ń sọ ọ́, wákàtí kan ni Stockholm, bí ẹni ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ta ló wá wò mí rí nínú yín? Màámi nìkan ló máa ń ní ó jìnnà.

Mo mọ̀ pé wọ́n ń wò wá. Jẹ́ kí wọ́n wò. Èmi tí ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀, odi yín ló ń sọ̀rọ̀ lónìí.

Àlùfáà ní òkú mìíràn wà nílẹ̀, mo gbọ́, ẹ ò lè dúró. Ṣùgbọ́n Seppo! Háà, Raili! Nínú gbogbo ọkùnrin ilẹ̀ yìí, Seppo aládùúgbò, tí Màámi kì í dá lóhùn, tó yá àkàbà wọn tí kò dá a padà, òun lẹ fi sí apá orí pósí, sí àyè mi? Ṣebí ìdí kọfí la jókòó sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí Màámi fọwọ́ lù mí léjìká, wọ́n ní, “Tauno, ìwọ tó ò ń ru ẹrù àwọn ará Sweden, ìwọ ni kó o gbé apá orí mi o, àwọn tó kù á jù mí sílẹ̀.” O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. Mo ti ru sìmẹ́ǹtì, mo ti ru irin, ilé àwọn tí mi ò mọ̀ rí ni mo fi èjìká mi kọ́. Ẹrù kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi láyé, Seppo ló bá mi rù ú!

Má fọwọ́ kàn mí. Mi ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú, Ọlọ́run ló rí mi.

Pósí ti wọlẹ̀, mi ò lè ní kí ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ihò yẹn ò tíì kún. Sọ fún Seppo kó kúrò níbẹ̀, kó gbé ṣọ́bìrì yẹn fún mi. Ẹ máa lọ mu kọfí yín. Èmi ni màá bo Màámi.