Ààlà Inú Kọ̀ǹpútà àti Pèrègún Tí Mò Ń Bomi Rin

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó ti di egbò. Ǹ bá gbé e mì, àmọ́ lópin oṣù yìí, àwọn bíríkìlà ń bọ̀ wá mọ ògiri sáàárín sọ́míìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo fa ògiri náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó bú mi.

Akọ̀wé ni mí níbẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Bàbá tó dá sọ́míìlì náà sílẹ̀ ti kú, ìyàwó méjì ni wọ́n fi sáyé lọ. Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, ọmọ ìyáálé, ló ń bójú tó pákó títà. Àǹtí Bísí, ọmọ ìyàwó kejì, ló ń bójú tó àwọn lọ́rì tó ń kó gẹdú wá láti inú igbó. Àwọn méjèèjì kì í jà. Mo tún un sọ, kó lè dùn yín bó ṣe ń dùn mí: wọn kì í jà rárá.

Ọdún kejì rèé tí àwọn méjèèjì pawọ́ pọ̀ ra kọ̀ǹpútà. Èmi ni wọ́n rán lọ sí Èkó láti lọ kọ́ ọ. Ọ̀gá ẹlẹ́rọ tó wá tò ó fún wa sọ pé òun lè pín dísìkì ńlá inú rẹ̀ sí méjì, bí ìgbà téèyàn fi ògiri dá yàrá ńlá kan sí méjì. Apá kan á máa jẹ́ C, èkejì á máa jẹ́ D. Ó ní báwo ni ká ṣe pín in? Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wá. Ẹ̀ẹ̀kan náà làwọn méjèèjì dáhùn pé ìdí igi ni kó fi pín in, ìyá kan, ìpín kan. Bí C ṣe di ti Bọ̀ọ̀dá nìyẹn, tí D di ti Àǹtí.

Ẹ jọ̀ọ́, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé yẹn, ló kó bá mi. Owó oṣù ò ra nǹkan kan mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti iléèwé gíga ní Ìjagun bẹ̀rẹ̀ sí í wá bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn tẹ iṣẹ́ àṣekágbá àwọn, mo sì gbà. Bí Bọ̀ọ̀dá bá ti lọ jẹun ọ̀sán, màá gbé tiwọn jáde. Ọ̀kan dá lórí ìgbín sísìn, òmíràn dá lórí ìdí táwọn ọmọdé fi ń sá nílé ìwé. Inú C ni mò ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Mi ò jẹ́ dán an wò ní D, torí Àǹtí a máa ṣí i láràárọ̀, wọ́n á ka orúkọ fáìlì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ọmọ adìẹ. Bọ̀ọ̀dá ní tiwọn, bí iná bá ti lè tàn lójú kọ̀ǹpútà, ó ti parí.

Iná mọ̀nàmọ́ná tún dá kún un. Bó ṣe ń wá ló ń lọ. Ẹ̀rù bà mí kí iṣẹ́ ọlọ́mọ má baà ṣòfò, ni mo bá ń fi iṣẹ́ kan ṣoṣo pamọ́ lórúkọ oríṣiríṣi. Ti ìgbín yẹn nìkan, mi ò mọ iye ibi tó wà nínú C.

Ọjọ́ tá a fẹ́ ṣe owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni C kún. Kọ̀ǹpútà ní àyè ti tán, òun ò gba nǹkan kan mọ́. Bọ̀ọ̀dá ní kí ló kún un, ṣebí pákó lásán làwọn ń tà? Wọ́n kọjú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, òótọ́ ti dé ètè mi. Ohun tó jáde ni pé, "Bọ̀ọ̀dá, ó jọ pé ẹrù Àǹtí ló ń ti D ya wọ C."

Mo rò pé wọ́n á kàn kùn díẹ̀ ni. Mo gbàgbé pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni mò ń sọ fún pé ẹnìkan ti kọjá ààlà rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá gba ọ̀dọ̀ Àǹtí lọ. Àǹtí ní àwọn ò kó ẹrù kankan sí ibì kankan, pé ẹni tí kò mọ ilé tò ni ilé ń há mọ́. Ọ̀rọ̀ di ohun tí Bàbá sọ kí wọ́n tó kú, ó di ohun tí ìyáálé ṣe fún ìyàwó láyé àtijọ́. Bí wọ́n ṣe ń fà á lóde ni mo yára pa gbogbo iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́ nínú C. Mo ní bí àyè bá ti wà, ìjà á tán.

Yéè, mo dáràn. Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá rí i pé C ti fúyẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Torí mo pariwo ló ṣe wá kó ẹrù ẹ̀ kúrò." Bí irọ́ mi ṣe di òótọ́ lójú gbogbo ayé nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ onígbìín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí. Mo tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ fún un láti orí dé ìrù.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Odògbolú, àbúrò olóògbé. Ọjọ́ pẹ́ tí Bàbá yìí ti ń parí ìjà ilẹ̀. Wọ́n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n ní kí n fi ààlà C àti D han àwọn. Mo ní inú ló wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní pèrègún tí wọ́n fi ń pààlà dà níbẹ̀? Mo ní kò sí pèrègún, ààlà náà ò ṣeé fojú rí ni. Bàbá bọ́ awò ojú wọn.

Wọ́n ní, "Ààlà tí ojú ò rí, ìjà ló ń bí."

A pe ọ̀gá ẹlẹ́rọ padà. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kí òun sún ààlà, àfi kí òun kọ́kọ́ nu ohun gbogbo tó wà nínú C àti D dànù. Àwọn méjèèjì ké lẹ́ẹ̀kan náà pé láéláé. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí gbẹ̀yìn nìyẹn. Ọ̀gá ẹlẹ́rọ tún ní ẹrù ò lè dá rìn láti D wọ C, àfi bí èèyàn bá gbé e. Bọ̀ọ̀dá wo Àǹtí. Àǹtí wo Bọ̀ọ̀dá. Kò sẹ́ni tó wo èmi.

Ni Bàbá bá dájọ́. Wọ́n ní bí ti inú kọ̀ǹpútà ò bá ṣeé rí, ti sọ́míìlì á ṣeé rí. Wọ́n gbé pèrègún wá láti Odògbolú, wọ́n gbìn ín láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Ojú ibẹ̀ ni ògiri máa gbà. Ó máa la àárín ọ́fíìsì mi kọjá. Torí pé kọ̀ǹpútà ò ju ọ̀kan lọ, wọ́n á dá fèrèsé sára ògiri, wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Láàárọ̀, màá jókòó lápá Bọ̀ọ̀dá. Lọ́sàn-án, màá jáde sí títì, màá gba géètì kejì wọlé, màá jókòó lápá Àǹtí, màá yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní kì í ṣe èmi ni.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè sùn ni ti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Àǹtí gbé ìkọ́kọrẹ́ wá fún mi bí ìṣe wọn. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá yìí ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé àwọn lọ síléèwé nígbà táwọn wà ní kékeré, báyìí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kí àwọn mọ́. Wọ́n wá ní, "Ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ò kàn." Mo gbé àwo ìkọ́kọrẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú tì mí, ẹ jọ̀ọ́, ojú tì mí gan-an.

Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi, Bàbá Odògbolú á sì ṣépè. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, ògiri á dúró, ọmọ bàbá kan náà á di àjèjì síra wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí níyànjú, kẹ́ ẹ sì yára. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bomi rin pèrègún yẹn láràárọ̀, torí wọ́n ní èmi ni mi ò ṣe ti ẹnì kankan. Ó ti ń rúwé. Ṣé kí n tún bomi rin ín lọ́la ni, àbí kí n fà á tu lójú gbogbo wọn?