Ìtàn Ọba Ìran Khuman

Nínú bọ́ọ̀sì láti Elephant sí Peckham ní London lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó níwájú mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ọmọ náà fẹ́ fẹ́.

"Mọ́mì, ẹ ní kí n béèrè ìdílé ẹ̀, mo ti béèrè. Meitei ni àwọn èèyàn ẹ̀, láti Manipur, ní India. Ìran Khuman ni wọ́n. Ìran yẹn ti jọba rí láyé àtijọ́. Ó sọ ìtàn ọ̀kan lára àwọn ọba wọn àkọ́kọ́ fún mi lórí fóònù, ó lé ní wákàtí kan."

Ìyá náà yíjú sí i. "Ọba tó ti kú láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀n. Dádì ẹ̀ ló fi kọ́ ọ ní kékeré. Wọn kì í sì í fẹ́ ara wọn nínú ìran kan náà. Ọmọ ìyá ni wọ́n ka ara wọn sí."

"Bíi tiwa náà nìyẹn." Ohùn màmá ti rọ̀. "Mo ti rò pé ẹni tí ò mọ ilé bàbá ẹ̀ lo fẹ́ mú wá bá mi."

"Ó mọ tiẹ̀ ju bí mo ṣe mọ tiwa lọ, Mọ́mì."

Màmá rẹ́rìn-ín títí híjáàbù rẹ̀ fi yẹ̀. "Ní kó wá jẹun lọ́la. Kó sọ ti ọba yẹn fún mi. Èmi náà á sọ ti bàbá ńlá tìẹ, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbọ́."

"Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbọ́" yẹn ni mo gbé sọ́kàn délé ní Nunhead.