Líǹkì Tí Mo Fi Sábẹ́ Aago Ìrun Ọmọ Mi

Ẹ má bínú bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Mo lọ wo ilẹ̀kùn bóyá mo tì í, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé mo tì í. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ mi, mo gbọ́ bó ṣe ń mí, mo padà wá jókòó. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pálọ̀ níbí, ó ti di ẹrù rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ Sátidé, Sàfúrà, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, máa kúrò ní Kaduna lọ sí Ìlọrin, lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ìlú kò sú u o. Nǹkan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló wó lulẹ̀, gbogbo ayé sì rò pé òun ló wó o. Èmi ni. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo wó o, òun ló sì ń ru ẹ̀bi rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ láti inú ààwẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yin abiyamọ tó ń ka èyí, ta ni kí n sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀yin?

Kabala Costain là ń gbé. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti àgbàdo ni mò ń tà níwájú ilé, mudu ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, oníṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọkọ mi, mùsùlùmí, òun sì ni akápò mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá ládùúgbò wa. Sàfúrà tẹ̀lé ẹ̀sìn bàbá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a jà. Èmi ni mò ń jí wọn sí sààrì. Ọkọ mi ló ń fi mọ́tò gbé mi lọ sí ìsìn àìsùn ọdún tuntun, á sì dúró dè mí níta títí a ó fi jáde. Ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì, ìkòkò kan náà la fi ń sè é. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí àṣìṣe mi ti wá. Ẹni tí kò ní ògiri láàárín ilé rẹ̀ máa ń gbàgbé pé odò wà láàárín ìlú, tí mùsùlùmí pọ̀ lápá kan rẹ̀, tí oníṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ lápá kejì.

Sàfú mọ kọ̀ǹpútà bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Nígbà tó parí ilé-ìwé gíga, ó ṣí wẹ́bùsáìtì kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kọ̀ǹpútà, òun sì lè ṣe èyí tí ilé-ìwé á fi máa ṣírò èsì ìdánwò. Oṣù ń gorí oṣù, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Ló bá jókòó, ó ṣe aago ìrun. Áàpù kékeré kan ni, tó ń sọ àkókò ìrun márààrún ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tó sì ń ka wákàtí tó kù kí a ṣínu nígbà ààwẹ̀. Mọ́ṣáláṣí tàbí ilé-kéú tó bá ní wẹ́bùsáìtì lè gbé e sórí tiwọn, ènìyàn sì lè fi í sórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má yọ ìlà tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: orúkọ òun, àti líǹkì tí ènìyàn á tẹ̀ tí á fi dé wẹ́bùsáìtì òun.

Nígbà tó sọ fún mi, mo fi oríkì rẹ̀ pariwo. “Haba, Àbẹ̀kẹ́! Oṣù mẹ́rin lo fi ṣe é, o wá fẹ́ máa pín in bí omi òjò?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, tí ẹ bá wọn mudu tán, kí lẹ máa ń bù lé e?”

“Gyara ni.” Bí a ṣe ń pe èènì lọ́jà wa níbí nìyẹn.

“Kí lẹ ń bù ú fún?”

“Kí oníbàárà lè padà wá ni.”

“To, gyara tèmi nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá gbà á á máa júwe ilé mi fún ẹlòmíràn. Tí ilé tó níyì bá sì pọ̀ tó ń júwe ilé ènìyàn, ẹ̀rọ tí aráyé fi ń wá nǹkan á gbà pé onítọ̀hún náà níyì, á gbé e síwájú.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Màlámù kan tó ní ilé-kéú ní Mando ló kọ́kọ́ gbà á. Ó fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Zaria, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi han ará Kano. Kí ọdún méjì tó pé, bí ènìyàn bá ń wá ẹni tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Kaduna lórí fóònù, ti ọmọ mi ló ń kọ́kọ́ yọjú. Àwọn ìyá ń mú ọmọbìnrin wọn wá bá a. Ilé-ìwé ńlá kan pè é láti Abuja pé kó wá ṣe ti èsì ìdánwò fún àwọn. Ayọ̀ kún inú mi! Mo ní kó kọ́ mi níṣẹ́ náà díẹ̀, ó sì kọ́ mi. Ó ṣí àyè fún mi lórúkọ ara mi, ó ní kí n máa bá òun yí ọ̀rọ̀ ìlà ìsàlẹ̀ yẹn padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: lọ́sẹ̀ yìí, “Ẹ wá kọ́ kọ̀ǹpútà”, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nǹkan mìíràn. Ohun tí mo bá yí nílé wa níbí, ibi gbogbo tí aago náà wà ló ti ń yí. Ó ní, “Mọ́mì, ọ̀rọ̀ Sàfú nìkan o. Ẹ má fi nǹkan mìíràn kún un.” Ṣé mo gbọ́? Mo gbọ́ dáadáa.

Àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ungwan Romi náà ní wẹ́bùsáìtì, èmi sì ni akọ̀wé. Àwòrán ìpàdé àdúrà wa ló wà níbẹ̀, àti ìkéde pé a ń kọ́ àwọn opó ní ìránṣọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa nìkan la ń wo ara wa. Ní ìpàdé kan, Ìyá Ìjọ wò mí tìka-tẹ̀gbin. “Ìyá Sàfú, a gbọ́ pé ọmọ rẹ ń ṣe iṣẹ́ ìyanu fún àwọn mọ́ṣáláṣí. Àbí kò mọ̀ pé ìyá òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?” Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fi kún un pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, àgbà tó ń tan iná fún ará ìta, tí ilé ara rẹ̀ ṣókùnkùn!” Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, àmọ́ ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi. Mo délé, mo bẹ Sàfú pé kó fi líǹkì wa sábẹ́ tirẹ̀. Ó mi orí. “Mọ́mì, ẹni tó gbé aago ìrun sílé rẹ̀, àkókò ìrun ló gbà. Kò gba ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ààwẹ̀ parí, màá ṣe tiyín lọ́tọ̀, èyí tó ń ka Bíbélì lójoojúmọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì á gbé e, wọ́n á sì máa júwe yín.” Ọmọ mi ṣèlérí fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló ní kí n fi ní sùúrù. Kí ló dé tí n kò lè dúró? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí títí ó fi rẹ̀ mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti yí ọ̀rọ̀ ìlà náà bí mo ṣe máa ń ṣe. Sàfú wà ní ilé ìdáná, ó ń din àkàrà ìṣínu. Mo kọ tirẹ̀ tán. Mo wá fi tiwa sábẹ́ rẹ̀, ìlà kan péré, lẹ́tà kéékèèké. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀kúnwọ́ kan lórí mudu ni, ta ni yóò ka hóró? Mo dìde, mo lọ bá a gbé àwo.

Kó tó di alásàrì lọ́jọ́ Jímọ̀, fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́ mọ́. Ìyá ọmọ kan ní Mando ló fẹ́ wo àkókò ìṣínu, ọwọ́ rẹ̀ bá ìlà ìsàlẹ̀. Ohun tó rí ni àwọn obìnrin tó na ọwọ́ sókè níwájú àgbélébùú, àti lẹ́tà gàdàgbà: Wá bá Jésù pàdé lálẹ́ òní. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn òbí lórí fóònù: Ku duba! Ẹ wò ó, ẹ wo ohun tí wọ́n fi sábẹ́ ìrun àwọn ọmọ wa! Láti Mando ó dé Zaria, ó dé Kano. Ẹ mọ Kaduna. Ẹ mọ ohun tí ojú wa ti rí níbí nítorí ẹ̀sìn. Sàfú jáde nínú yàrá, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wo nǹkan kan títí, ó yọ ìlà náà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo gbé mudu mi, mo jáde lọ bá oníbàárà.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń lọ sílé ẹjọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó pàdé mi níbẹ̀: ìyìn! Ìyá Ìjọ dìde, ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti wo wẹ́bùsáìtì wa lọ́jọ́ méjì, ó ní kí gbogbo obìnrin pàtẹ́wọ́ fún Olúwa, kí wọ́n sì bá òun kí Sàfú tó fi wá sábẹ́ aago rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọn kò mọ̀ pé ìbínú ló kó àwọn ènìyàn náà wá. Èmi mọ̀, mo sì ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.

Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ já mi sílẹ̀ nílé, mọ́tò àlejò wà níwájú ilé. Màlámù ará Mando yẹn ni, pẹ̀lú àwọn òbí méjì. Ọkọ mi jókòó tì wọ́n, ó ń wo ilẹ̀. Ìdààmú mi pọ̀ débi pé mo gbé omi tútù jáde nínú àwo fún àwọn tó ń gbààwẹ̀! Màlámù wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: “Maman Safura, sai an sha ruwa.” Ó di ìgbà tí a bá ṣínu. Mo dúró síbẹ̀, mo gbé omi dání. Ó wá yíjú sí ọmọ mi, ó bi í ní Hausa pé, ta ló fi í síbẹ̀? Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, ó wà lẹ́nu mi. Sàfú ló yára kúnlẹ̀. “Laifina ne, Malam.” Ẹ̀bi mi ni. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ fún àwọn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, òun sì gbé ti ẹnì kan sínú ti ẹnì kejì. Màlámù mí kanlẹ̀. Ó ní òun gbà á gbọ́, òun sì ti dárí jì í, àmọ́ ohun tí ọmọdé ń wò kó tó ṣínu, kò yẹ kí ìyá ọmọ máa bẹ̀rù rẹ̀. Ó ní àwọn yóò yọ ọ́. “Allah ya kyauta,” kí Ọlọ́run tún un ṣe, ó sì dìde.

Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ń yọ ọ́ ni kò sẹ́ni tó ń júwe ọmọ mi mọ́, tí wẹ́bùsáìtì rẹ̀ sì ń lọ sẹ́yìn, títí ó fi di ohun tí ènìyàn kò lè rí àfi tó bá mọ̀ ọ́n lórúkọ. Àwọn ìyá dá ọmọ wọn dúró. Ará Abuja kò gbé ìpè mọ́.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu, mo wọlé bá a níbi tó ti ń ká aṣọ tó fẹ́ kó lọ sí Ìlọrin. Mo ní, “Àbẹ̀kẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan.” Kò gbójú sókè. “Mo mọ̀, Mọ́mì. Ẹ̀rọ náà máa ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé. Mo ti rí orúkọ yín lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn kí n tó yọ ọ́.” Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, kí ló dé tó fi ru ẹ̀bi mi? Ó ní, “Tí mo bá ní ẹ̀yin ni, ta ló máa gbà pé àṣìṣe ni? Wọ́n á ní ṣọ́ọ̀ṣì ló rán yín. Dádì ńkọ́, ní mọ́ṣáláṣí? Tó bá jẹ́ èmi, wọ́n á ní ọmọdé ni, kò fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ya wuce.” Ó ti kọjá. Ó fi aṣọ tó ká lé mi lọ́wọ́ kí n bá a kó o sínú báàgì.

Ó kọjá kẹ̀? Kò kọjá lára mi. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń sọ fún un pé kó máa fara balẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ náà á sì ní, “Ẹ ṣé, Dádì.” Bí mo bá lọ sí Mando lọ jẹ́wọ́ fún Màlámù, mo lè dá iná tó ti kú padà, kó sì jó ọkọ mi àti àwọn obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi á kó ẹ̀bi mi lọ sí Ìlọrin bí ẹrù. Ẹ̀yin tó ti tọ́mọ jù mí lọ, èwo ni kí n ṣe? Ṣé bàbá rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ohun tí èmi mọ̀ kò ju èyí lọ: bí ẹ bá fún ènìyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kó rí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá sì ní kí ẹ ní sùúrù, ẹ ní i.

Fóònù mi ti dún. Aago ìrun rẹ̀ ni. N kò yọ ọ́ ní tèmi. Asùbáà ti tó. Mo gbọ́ tí ibùsùn rẹ̀ ń dún, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà ti ń wúkọ́ nínú yàrá. Wọ́n á gba pálọ̀ yìí kọjá lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n á sì bi mí pé kí ni mò ń kọ. N kò ní bo ìwé yìí.